Orí Keje: Sísẹ́tì Fọ́ọ̀kì Kẹ̀kẹ́ Orí-Òkè Lẹ́yìn Sáfíìsì Ilé

Ní orí tó ṣáájú, a tú fọ́ọ̀kì palẹ̀. A yọ àkọ̀ ìsàlẹ̀ kúrò lára òpó, a da ògbólógbòó ọ́ìlì nù, a nu ẹrẹ̀ kúrò lára ọ́ìlì síìlì, a rẹ òrùka fóòmù sínú ọ́ìlì tuntun, a sì tò ó padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé iṣẹ́ parí síbẹ̀. Wọ́n á fa afẹ́fẹ́ sí i dé iye tí wọ́n ti ń lò bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè, kò sì ní í pẹ́ tí wọ́n á fi máa ṣàròyé pé fọ́ọ̀kì tí àwọn fọwọ́ ara àwọn tún ṣe kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Fọ́ọ̀kì tó ń gba eruku àti omi òjò máa ń le díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ń gùn ún fura. Ọ́ìlì inú àkọ̀ á máa gbẹ, òrùka fóòmù á gba ẹrẹ̀ sára, rọ́bà síìlì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í di òpó mú. Ìfaragbora yìí ń dá fọ́ọ̀kì dúró nígbà tó bá ń wọlé, ó sì ń dá a dúró nígbà tó bá ń jáde. Ẹrẹ̀ ti ń bá dámpà, ohun tó ń kó ìjánu bá fọ́ọ̀kì, ṣiṣẹ́ nìyẹn, kò sì sí nọ́ọ̀bù tí a lè fi yí iṣẹ́ ẹrẹ̀ padà. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ á ti tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde kí fọ́ọ̀kì lè rọ̀ fún un, á ti ṣí nọ́ọ̀bù pupa díẹ̀ kó lè tètè padà. Lọ́jọ́ tí a bá wá fọ ẹrẹ̀ kúrò, gbogbo àtúnṣe tó ti ṣe nítorí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí fọ́ọ̀kì fi ń rì jù, tó sì ń ta sókè jù, lẹ́yìn sáfíìsì tí a ṣe dáadáa. Nítorí náà, a ó ka fọ́ọ̀kì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe sáfíìsì fún sí fọ́ọ̀kì tuntun, a ó sì sẹ́tì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: afẹ́fẹ́ ni yóò ṣáájú, ìpadà á tẹ̀ lé e, ìtẹ̀wọlẹ̀ ni yóò kẹ́yìn.

7.1 Ohun tó wà nínú fọ́ọ̀kì

Ẹni tó bá ti rí inú fọ́ọ̀kì ọ̀kadà rí kò ní í ṣòro fún láti mọ ti kẹ̀kẹ́. Òpó méjì ń wọ inú àkọ̀ méjì, wọ́n sì ń jáde. Ohun kan ń tì wọ́n padà síta, ohun mìíràn ń kó ìjánu bá wọn kí wọ́n má baà ta jù. BMW ló kọ́kọ́ fi irú fọ́ọ̀kì yìí, tí dámpà rẹ̀ ń lo ọ́ìlì, sára alùpùpù tí wọ́n ń tà lọ́jà, ìyẹn R12 ti ọdún 1935. Ó lé ní àádọ́ta ọdún kó tó ráyè dé ara kẹ̀kẹ́. Paul Turner, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti jẹ́ mẹkáníìkì alùpùpù ìdíje, ló dá ilé iṣẹ́ RockShox tó ń ṣe fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní 1989. Ní 1990, ní Durango ní ìpínlẹ̀ Colorado, Greg Herbold fi fọ́ọ̀kì wọn gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ ti ìsọ̀kalẹ̀ òkè. Ìrìn fọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ náà, ìyẹn bí òpó rẹ̀ ṣe lè wọlé tó, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 50 lọ. Ti kẹ̀kẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ òde òní ń tó 200.

Nínú ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀kì òde òní, ẹsẹ̀ òsì ló ní afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ní dámpà. Ohun tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú nípa dámpà ni pé inú kátíríìjì tí wọ́n dí pa ló wà, ọ́ìlì tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Ọ́ìlì tí a dà sínú àkọ̀, tó lè jẹ́ mìlílítà 5 nínú fọ́ọ̀kì kan tàbí bíi 40 nínú òmíràn, kì í bá a pàdé. Iṣẹ́ ọ́ìlì àkọ̀ ni kí òpó lè máa yọ̀ geere. Ẹni tó bá da ọ́ìlì tó ki jù síbẹ̀, pé òun fẹ́ kí fọ́ọ̀kì má ta sókè mọ́, kàn ń dá ìfaragbora tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ kúrò padà ni.

7.2 Àyẹ̀wò kí a tó mú pọ́ńpù

Ẹ kọ́kọ́ wo bóòtù méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ àkọ̀. Sípánà tó ń wọn agbára ni kí ẹ fi dè wọ́n, dé iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe fọ́ọ̀kì náà kọ sínú ìwé rẹ̀. Iye yìí kéré, ó sábà máa ń wà láàárín 5 sí 8 Newton-mítà, ẹni tó bá sì fi agbára apá dè é lè ba ẹnu bóòtù jẹ́. Wáṣà tó wà lábẹ́ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, nítorí ńṣe ló ń tẹ̀ pọ̀ láti dí ojú ihò, èyí tó bá sì ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í dí i dáadáa mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo díìsìkì bíréèkì iwájú. Ẹ fara balẹ̀ síbí yìí ju ibikíbi lọ nínú orí yìí. Ọ́ìlì díẹ̀ tó bá kán sí díìsìkì tàbí páàdì nígbà tí a ń da ti àtijọ́ nù tó láti jẹ́ kí bíréèkì má mú mọ́, ẹni tó bá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ti mọ̀ ọ́n pẹ́ jù. Ẹ fi ọtí isopropyl àti aṣọ mímọ́ nu díìsìkì náà. Páàdì tí ọ́ìlì bá ti wọ̀ lára, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé yóò gbẹ. Ẹ wá fa bíréèkì lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ sì ti kẹ̀kẹ́ síwájú kí ẹ rí i pé ó dúró gírí.

Ásùlù náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí ó bá fún àkọ̀ méjèèjì mọ́ra jù, òpó kò ní í wọlé lójú ọ̀nà kan náà, fọ́ọ̀kì á sì máa há bí ẹni pé a kò ṣe sáfíìsì rárá. Lára fọ́ọ̀kì tó bá ní bóòtù tó ń di ásùlù mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tẹ fọ́ọ̀kì wọlé lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè rí àyè tí ara wọn balẹ̀ sí, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó dè é.

7.3 Afẹ́fẹ́

Pọ́ńpù táyà kò bá iṣẹ́ yìí mu. Yàrá afẹ́fẹ́ fọ́ọ̀kì kéré, agbára inú rẹ̀ sì ga. Pọ́ńpù kékeré tó ní géèjì, tó ń ti afẹ́fẹ́ níwọ̀nba, la ń lò.

Písítìn pín inú ẹsẹ̀ òsì sí yàrá méjì. Yàrá òkè ń ti fọ́ọ̀kì síta. Yàrá ìsàlẹ̀ ń ti písítìn lódì kejì, kí ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn lè rọ̀, kí òkúta wẹ́wẹ́ má baà máa gbọn ọwọ́ ẹni. Fáàfù kan ṣoṣo ló wà, yàrá òkè ló sì ní i. Ti ìsàlẹ̀ ń rí tirẹ̀ gbà nígbà tí písítìn bá kọjá níbi kan lára ògiri òpó tí wọ́n ti ṣe ọ̀nà kékeré sí. Nítorí náà, bí a bá kàn fa afẹ́fẹ́ láì tẹ fọ́ọ̀kì, yàrá òkè nìkan la ń bọ́, fọ́ọ̀kì á sì le gbagidi.

Ẹ fa á dé ìdajì iye tí ẹ fẹ́ lò. Ẹ rọra tẹ fọ́ọ̀kì dé nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìrìn rẹ̀, ní ìgbà mẹ́wàá, láìkánjú. Ẹ wo géèjì: yóò ti wálẹ̀. Ẹ fa á sí i, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, títí géèjì kò fi ní yẹ̀ mọ́ lẹ́yìn títẹ̀. Ẹlòmíràn á fẹ́ fo èyí kí ó tètè lọ gun kẹ̀kẹ́. Kò sí èrè kankan nínú fífò ó, nítorí pé ojú ọ̀nà ni fọ́ọ̀kì náà yóò ti wá ṣe é fúnra rẹ̀, iye tí ó fà á dé kò sì ní í jẹ́ òótọ́ mọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń tú pọ́ńpù kúrò, ẹ ó gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń súfèé. Ti inú okùn pọ́ńpù ni, kì í ṣe ti fọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún so pọ́ńpù padà láti yẹ̀ ẹ́ wò, iye tí géèjì ń kà á dín, torí pé afẹ́fẹ́ fọ́ọ̀kì ti lọ kún inú okùn náà. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa wá ibi tó ń jò, níbi tí ohunkóhun kò ti jò.

7.4 Ìrìsílẹ̀

Ìrìsílẹ̀ ni bí fọ́ọ̀kì ṣe ń wọlé tó nítorí ìwúwo ẹni tó gùn ún nìkan, kó tó kan òkúta kankan. Òun ló ń jẹ́ kí táyà lè tẹ̀ lé kòtò bí ó ti ń tẹ̀ lé gegele. Fún kẹ̀kẹ́ eré gígùn tó fúyẹ́, ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ́pọ̀. Fún kẹ̀kẹ́ tí a fi ń sọ̀kalẹ̀ lójú òkúta líle, a lè lọ dé 25. Ká mú fọ́ọ̀kì tí ìrìn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 160, tí a sì fẹ́ ìdá 20:

160 × 20 ÷ 100 = mìlímítà 32

Aṣọ, àkẹ̀tẹ̀ ààbò, bàtà àti omi tí ẹ máa ń gbé lọ sórí òkè ni kí ẹ kó sára. Kí ẹnì kan bá yín di kẹ̀kẹ́ mú. Ẹ dìde dúró lórí pẹ́dàlì bí ẹni tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún kí wọ́n tẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá jókòó yóò gbé ìwúwo sẹ́yìn, iye tó bá rí á sì kéré jù. Ẹ mi fọ́ọ̀kì díẹ̀, kí ẹ dúró jẹ́ẹ́. Kí olùrànlọ́wọ́ ti òrùka rọ́bà ara òpó wálẹ̀ kan síìlì, kí ẹ sì rọra sọ̀kalẹ̀ láì tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹ wọn àyè tó wà láàárín òrùka àti síìlì. Ẹ tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jìnnà síra, ìfaragbora ṣì wà níbì kan, kí ẹ padà lọ wo ásùlù àti síìlì kí ẹ tó yí ohunkóhun mìíràn.

Àtẹ ìwúwo àti afẹ́fẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àkọ̀ dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Kò mọ bí ẹ ṣe ń dúró lórí kẹ̀kẹ́, kò sì mọ irú òkè tí ẹ ń lọ. Bí rúlà bá sọ ohun tó yàtọ̀, rúlà ni kí ẹ gbà gbọ́.

7.5 Ìdí tí afẹ́fẹ́ fi ń le bó ṣe ń lọ sópin

Robert Boyle kọ òfin kan jáde ní 1662: bí ìgbóná kò bá yí padà, iye tí a ń rí nígbà tí a bá sọ agbára afẹ́fẹ́ tí a sé mọ́ di ìlọ́po àyè rẹ̀ kì í yí padà. Bí àyè bá dín sí ìdajì, agbára á di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n géèjì kì í ka afẹ́fẹ́ ayé tó yí wa ká, tó jẹ́ 14.7 psi létí òkun. A ní láti fi kún un kí a tó ṣírò, kí a sì yọ ọ́ padà.

Ká sọ pé yàrá òkè jẹ́ mìlílítà 200, géèjì ka 80 psi, písítìn sì ń gba 120 nínú àyè náà bí fọ́ọ̀kì bá wọlé tán. Mo yan iye wọ̀nyí kí ìṣírò lè rọrùn. Àyè tó kù jẹ́ 80, ìdínkù náà sì jẹ́ 200 ÷ 80 = 2.5.

(80 + 14.7) × 2.5 − 14.7 = nǹkan bíi 222 psi

Bí a bá wá ki ike agbàyè kan tó jẹ́ mìlílítà 20 sínú yàrá náà, àyè ìbẹ̀rẹ̀ á di 180, ti ìparí á di 60, ìdínkù á sì di 3.

(80 + 14.7) × 3 − 14.7 = nǹkan bíi 269 psi

Ẹ wò ó dáadáa. Géèjì ṣì ń ka 80 níbẹ̀rẹ̀, ìrìsílẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n ìparí ìrìn ti le gan-an. Ìdí nìyí tí a fi ń lo ike agbàyè fún ẹni tí ìrìsílẹ̀ rẹ̀ dára ṣùgbọ́n tí fọ́ọ̀kì rẹ̀ ń fìdí gbá ìsàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá fò. Ẹni tí fọ́ọ̀kì rẹ̀ kì í rìn tán láé, òun á yọ ọ̀kan kúrò.

Ojú ọjọ́ náà ń ṣiṣẹ́ lára afẹ́fẹ́. Ẹni tó fa 80 psi nínú ilé ní ìwọ̀n 20 °C, tó wá gbé kẹ̀kẹ́ dé orí Aonach Mòr ní Fort William ní Scotland níbi tó ti jẹ́ 0 °C, agbára rẹ̀ yóò di:

94.7 × 273 ÷ 293 − 14.7 = nǹkan bíi 73.5 psi

Ohun tó lé ní 6 psi ti lọ, fọ́ọ̀kì kò sì jò. Ọ́ìlì dámpà náà máa ń ki sí i nínú òtútù, nítorí náà fọ́ọ̀kì á rọ̀ jù, á sì tún falẹ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí a ó ti gun kẹ̀kẹ́ ló yẹ kí a ti parí ìwọ̀n, kì í ṣe nínú ilé.

7.6 Ìpadà

Ìpadà ni bí fọ́ọ̀kì ṣe ń jáde lẹ́yìn tí òkúta bá ti tì í wọlé. Nọ́ọ̀bù pupa tó sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń darí rẹ̀. Bí a bá yí i bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, ojú tí ọ́ìlì ń gbà nínú dámpà á há, ìpadà á falẹ̀. Ẹ yí i pa jẹ́jẹ́ títí tí kò fi ní í lọ mọ́, láìfi agbára sí i. Ibẹ̀ ni òdo. Ẹ máa ṣí i, kí ẹ máa ka iye ìgbà tó bá dún. Ẹ kọ gbogbo iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti àárín.

Ẹ wá pèpéle etí títì kan. Ẹ jókòó, kí ẹ rọra gun kẹ̀kẹ́ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Fọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ wọlé, kó jáde lẹ́ẹ̀kan, kó sì balẹ̀. Bí ó bá tún jó lẹ́ẹ̀kejì, ìpadà ti yá jù: ẹ pa á ní ìró kan. Bí ó bá ń fà bí ẹni tó ń sùn, ẹ ṣí i ní ìró kan. Ẹni tó wúwo ń lo afẹ́fẹ́ tó pọ̀, afẹ́fẹ́ tó pọ̀ sì ń ti fọ́ọ̀kì síta pẹ̀lú agbára, nítorí náà ìpadà rẹ̀ á nílò kí a pa á ju ti ẹni tó fúyẹ́ lọ. Bákan náà, ẹnikẹ́ni tó bá yí afẹ́fẹ́ padà ní láti tún ìpadà wò.

Ìpadà tó yá jù rọrùn láti mọ̀: táyà iwájú ń fò kúrò nílẹ̀, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ń ta mọ́ni. Èyí tó falẹ̀ jù ló máa ń tan èèyàn jẹ. Òkúta kìíní á ti fọ́ọ̀kì wọlé; kó tó jáde tán, ìkejì ti dé, á tún wọlé sí i; ìkẹta á bá a nísàlẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti le, gẹ́gẹ́ bí ìṣírò wa ti fi hàn. Ọwọ́ á máa ro ẹni tó ń gùn ún, á sì gbà pé fọ́ọ̀kì òun le jù. Á tú afẹ́fẹ́ jáde. Fọ́ọ̀kì á wá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìrora á sì pọ̀ sí i. Bí fọ́ọ̀kì bá rọ̀ lórí òkúta àkọ́kọ́ ṣùgbọ́n tó le lórí ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún, afẹ́fẹ́ kọ́ ló ṣẹ̀. Ẹ ṣí ìpadà.

7.7 Ìtẹ̀wọlẹ̀

Nọ́ọ̀bù ìtẹ̀wọlẹ̀, tó ń darí bí fọ́ọ̀kì ṣe ń wọlé, tó sì sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù lókè ẹsẹ̀ ọ̀tún, ni kí ẹ ṣí pátápátá títí ẹ ó fi parí afẹ́fẹ́ àti ìpadà. Èyí tí wọ́n ń pè ní ti eré jẹ́jẹ́ wà fún bíréèkì, pẹ́dàlì àti ọ̀nà tó kọ́. Ti eré kíákíá wà fún òkúta àti gbòǹgbò igi. Eré òpó nínú àkọ̀ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe eré kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ pa ti eré jẹ́jẹ́ ní ìró kan tàbí méjì bí iwájú kẹ̀kẹ́ bá ń rì jù nígbà tí ẹ bá fa bíréèkì. Mi ò rí ìdí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ti eré kíákíá.

7.8 Bí nǹkan bá ṣì wọ́

Bí fọ́ọ̀kì kò bá rìn tán lẹ́yìn sáfíìsì, tí afẹ́fẹ́ sì péye, ó ṣeé ṣe kí ọ́ìlì tí a dà sínú àkọ̀ ti pọ̀ jù. Ọ́ìlì kì í fún pọ̀, nítorí náà ó ń gba àyè afẹ́fẹ́ inú àkọ̀ bí ike agbàyè ṣe ń gbà á. Ó sì lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ há sínú àkọ̀ nígbà tí a ń tò ó pọ̀. Èyí máa ń burú sí i bí a bá gòkè, torí afẹ́fẹ́ òde ń fúyẹ́: ní Whistler ní Kánádà, wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ kọjá mítà 2,000, níbi tí agbára afẹ́fẹ́ ayé ti dín ní bí ìdá kan nínú márùn-ún sí ti etíkun. Àwọn fọ́ọ̀kì bíi Fox 38 ní bọ́tìnnì kékeré lẹ́yìn àkọ̀ tí a lè tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó há náà jáde. Fún èyí tí kò ní in, àwọn mẹkáníìkì ń ti ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń di wáyà sábẹ́ ètè síìlì. Ike nìkan ni o. Irin kò gbọ́dọ̀ kan òpó, torí ojú ọgbẹ́ kékeré kan lára rẹ̀ ni ọ́ìlì yóò máa gbà jò.

7.9 Lójú ọ̀nà

Ẹ yan apá ọ̀nà kan tó kúrú, tó ní òkúta, ọ̀nà kíkọ́ àti ibi tí a ti ń fa bíréèkì. Ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ Fort William, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún ìdíje ife àgbáyé ní 2002, tó sì lé ní kìlómítà 2.5, gùn jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tán kò ní í rántí bí fọ́ọ̀kì ṣe rí lókè. Ìṣẹ́jú kan tó. Ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀mejì láì yí ohunkóhun padà. Ẹ wá yí nǹkan kan, ẹyọ kan péré, kí ẹ sì tún un gùn. Bí ẹ bá yí afẹ́fẹ́ àti ìpadà pọ̀, tí fọ́ọ̀kì sì dára sí i, ẹ kò ní í mọ èyí tó ṣe é. Ẹ kọ ọjọ́, ìgbóná ojú ọjọ́, psi, ìrìsílẹ̀, iye ìró, àti ibi tí òrùka rọ́bà dúró sí lára òpó. Òrùka náà yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin níbi tó le jù lọ lójú ọ̀nà. Bí ó bá ń dé òpin lórí gbogbo gegele, ẹ padà sí 7.5.

RockShox ní kí a máa ṣe sáfíìsì àkọ̀ ní gbogbo wákàtí 50 tí a bá gun kẹ̀kẹ́; Fox ní wákàtí 125 tàbí ọdún kan, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Inú ìwé tí ẹ ń kọ psi àti ìrìsílẹ̀ sí ni kí ẹ máa kọ iye wákàtí yìí sí.

Ìdánrawò

1. Ìrìn fọ́ọ̀kì kan jẹ́ mìlímítà 150. Òrùka rọ́bà fi mìlímítà 27 jìnnà sí síìlì. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ìrìsílẹ̀ náà? Bí ẹni tó ni ín bá ń fẹ́ ìdá 20, ṣé yóò fa afẹ́fẹ́ sí i ni àbí yóò tú u jáde?

2. A fa 70 psi sí fọ́ọ̀kì ní 25 °C. Kí ni géèjì yóò kà ní 5 °C bí ohunkóhun kò bá jò?

3. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fa afẹ́fẹ́ dé 85 psi láì tẹ fọ́ọ̀kì rárá. Lẹ́yìn ìsọ̀kalẹ̀ kan, iye náà ti dín gan-an. Ẹ ṣàlàyé ohun méjì tó lè fà á yàtọ̀ sí jíjò.

4. Fọ́ọ̀kì kan rọ̀ lórí gbòǹgbò kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó le lórí gbòǹgbò mẹ́fà tó tò léra. Nọ́ọ̀bù wo ni ẹ ó kọ́kọ́ yí, apá ibo ni ẹ ó yí i sí, kí sì nìdí rẹ̀?

5. Ẹ tún ìṣírò ike agbàyè inú 7.5 ṣe pẹ̀lú ike méjì. Ẹ ya ìlà agbára afẹ́fẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí àtẹ kan náà, kí ẹ sì fi hàn ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yapa.